Abo Ni Edé Kékeré Yẹn

Bọ̀dá Nùréènì, ẹ kú iṣẹ́ òru o.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tan pọ́ǹpù táńkì edé. Èmi ni mo pa á. Edé wa bímọ láàárọ̀ yìí, àwọn ọmọ náà sì kéré bí eruku, pọ́ǹpù á fà wọ́n wọlé.

Ẹ̀yin àti ẹni tó ta edé méjèèjì fún wa ní Ọgbà sọ pé akọ ni àwọn méjèèjì, torí pé ọwọ́ ńlá kan tí wọ́n ní máa ń dún bí ìbọn tí wọ́n bá pa á dé. Èmi ní abo ni kékeré, pé ikùn rẹ̀ ló fẹ̀ jù. Ẹ fi mí rẹ́rìn-ín. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí mo ti rí ẹyin lábẹ́ ikùn rẹ̀ tí mi ò sọ, kí ẹ má baà tún rẹ́rìn-ín bó bá bàjẹ́. Ẹ forí jì mí.

Nígbà tí mo kírun àsùbáà tán, mo tan tọ́ọ̀ṣì sínú táńkì, gbogbo àwọn ọmọ náà sì ń rọ́ wá síbi ìmọ́lẹ̀.

Gbogbo ẹja tí mo ti sìn ló kú. Èyí ni àkọ́kọ́ tó bímọ sí mi lọ́wọ́.

Ìrẹsì wà nínú kúlà. Tèmi náà wà níbẹ̀, ayọ̀ ò jẹ́ kí n lè jẹ ẹ́.

Shukurat