Sẹ́ǹtì Kan Lórí Ọbẹ Bàbá Rẹ

Royce,

Sẹ́ǹtì kan tí mo lẹ̀ mọ́ ìsàlẹ̀ ìwé yìí, owó ọbẹ tí o fi ránṣẹ́ sí bàbá rẹ ni. Àpò ara wọn ni wọ́n ti mú un, kì í ṣe owó ẹyin adìyẹ tí mò ń tà. Gbà á, má dá a padà, má sì sọ pé ẹ̀bùn ni. Ó wá di ká kíra wa. Ṣé dáadáa lo wà ní Louisville? Olúwa ò ní jẹ́ kí ìlú ńlá gbé ọ mì. Àwa náà wà lórí òkè wa, màlúù méjèèjì ti bímọ, òjò sì ti wó afárá odò.

Ọmọ mi, bọ́tìnnì ara ọbẹ yẹn, mo tẹ̀ ẹ́ títí, kò dá mi lóhùn. Mo ní bátìrì rẹ̀ ti kú. N ò rí ojú ibi tí wọ́n ń ki bátìrì sí, ni mo bá gbé e lọ bá Ewell tó ń ta oúnjẹ ẹran ọ̀sìn, pé kó wá èyí tí kò wọ́n fún mi. Ewell rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó. Ó fi àtàǹpàkò ti nǹkan kékeré kan sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ní ìyẹn ni kì í jẹ́ kó ṣí sínú àpò èèyàn, ó tẹ bọ́tìnnì, ọbẹ sì yọ fìrí. Ó ní sípíríǹgì ni. Mo bi í pé ta ni yóò máa ká a bíi ti aago, ó ní bí èèyàn bá ti pa á dé, ó ti ká a nìyẹn. Inú mi dùn, bátìrì wọ́n níbí.

Àmọ́ irin rẹ̀ dúdú bí ìdí ìkòkò. Mo ti ń fi irin ìfọkòkò bó o, ó ti ń funfun díẹ̀díẹ̀. Ìdajì ẹnu rẹ̀ sì rí gbágungbàgun bí ẹni pé eku jẹ ẹ́, bi àwọn tó tà á fún ọ bóyá wọ́n á dá ìdajì owó padà. Ewell ní okùn ni wọ́n ń fi ibẹ̀ gé, pé ṣóńṣó ìdí rẹ̀ wà fún fífọ́ gíláàsì ọkọ̀. Ta ló fẹ́ fọ́ gíláàsì tó fowó rà? Mo fi fọ́ àsálà, ó dára gan-an. Ewell fẹ́ rà á ní ogójì dọ́là. Ohun tí Ewell bá pè ní ogójì, ó tó ọgọ́rin.

Bàbá rẹ ni ò fọwọ́ kàn án. Láti ìgbà tí apá òsì wọn ti rọ, eyín ni wọ́n fi ń fa ọbẹ àtijọ́ wọn yọ kí wọ́n tó gé okùn koríko màlúù, eyín kan sì ti kán. Mo ní ọbẹ tí wọ́n ń fi ọwọ́ kan ṣoṣo ṣí rèé, ọmọ yín rò ó kó tó rà á. Wọ́n yíjú sí fèrèsé.

"Ìyá Royce, ẹni tó bá fún èèyàn lọ́bẹ láìgba sẹ́ǹtì kan, ó ti gé ara rẹ̀ kúrò lára onítọ̀hún nìyẹn."

O mọ̀ pé ọ̀rọ̀ tí ẹ sọ síra yín nígbà tí ò ń lọ ò tíì tán nínú wọn. Mo ní ìlú ló jẹ́ kó o gbàgbé, kì í ṣe pé o kọ̀ wá. Wọ́n jẹ búrẹ́dì àgbàdo wọn tán, mo wá rí i tí wọ́n ń tú àpò ṣòkòtò. Ṣùgbọ́n wọ́n ní àwọn ò ní tẹ bọ́tìnnì náà àfi báwọn bá gbọ́ lẹ́nu rẹ pé o gbowó.

Oníṣègùn eyín ń bèèrè igba dọ́là. Fi ọgọ́rùn-ún ránṣẹ́, n ó fi ẹyin san ìyókù. Ọlọ́run ò ní jẹ́ kí àtẹ́lẹwọ́ rẹ gbẹ, wàá bí ọmọ tí yóò rántí rẹ. Ṣùgbọ́n má fi owó dípò ohùn rẹ, má sì rán mi níṣẹ́ sí wọn. Ọjọ́ Sátidé ni koríko ń dé, okùn rẹ̀ le, eyín tó sì kù lẹ́nu wọn ò tó nǹkan. Pè wá lọ́jọ́ Ẹtì, bàbá rẹ ni yóò gbé fóònù.