Àmì Kan Tí Mo Tẹ̀ Dípò Méjì

                                        Yàrá Kẹrin,
                                        Òkè Ṣọ́ọ̀bù Aláago,
                                        Ọjọ́ Kẹsàn-án, Oṣù Kẹsàn-án.

Ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa ni o wà? Bàbá àwọn ọmọ ńkọ́, ṣé orúnkún rẹ̀ ti ń jẹ́ kó gun àtẹ̀gùn? Ẹ kú iṣẹ́ ìránṣọ o. Ara tèmi le, àwọn ìbejì náà ń da ilé rú bí ìṣe wọn. Ọkàn mi ni kò balẹ̀. Mo gbé fóònù láti pè ọ́, mo tún gbé e sílẹ̀, torí n kò lè gbọ́ ohùn rẹ kí n sì sọ ohun tí mo fẹ́ sọ yìí.

Àtẹ̀jíṣẹ́ tí ọmọ rẹ gbà, tó ní ó ti yege láti wọ ilé-ẹ̀kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì, kì í ṣe òótọ́. Kò yege. Èmi ni mo ṣe àṣìṣe náà.

O mọ̀ pé ilé-iṣẹ́ wa ni ilé-ẹ̀kọ́ náà gbéṣẹ́ fún, pé kí kọ̀ǹpútà máa wo máàkì oníkálukú kó sì fi èsì ránṣẹ́. Java, èdè tí a fi ń pàṣẹ fún kọ̀ǹpútà, ni mo fi kọ àṣẹ náà. Ìbéèrè ni "if" inú rẹ̀, ìyẹn "bí ó bá jẹ́ pé", bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́ nìkan ló sì ń gbà. Bí o bá fi nọ́ńbà síbẹ̀, á kọ̀ jálẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ìyẹn ni mo gbójú lé. Ọ̀gá mi ní kí n fi máàkì ẹni tó fìdí rẹmi dán an wò. Mo rẹ́rìn-ín, mo ní, "Ọ̀gá, ẹ fọkàn balẹ̀, Java ò ní jẹ́ ká ṣìnà." Ẹnu mi mà mú o!

Àmì ìdọ́gba méjì (==) la fi ń béèrè bóyá ẹnì kan yege. Ẹyọ kan ni mo tẹ̀. Ẹyọ kan kì í béèrè, ńṣe ló ń fi nǹkan síbẹ̀. "Bẹ́ẹ̀ ni" ni mo sì fi síbẹ̀, ohun tí "if" ń fẹ́ gan-an, ìdí nìyẹn tí Java ò fi bá mi jà. Gbogbo ẹni tó kàn ló sọ di ẹni tó yege.

Fọ́tò aṣọ nọ́ọ̀sì funfun tí o ń rán fún ọmọ rẹ ni mò ń wò lọ́wọ́ nígbà tí akọ̀wé ilé-ẹ̀kọ́ náà pè, tó ń béèrè pé ṣé kò sẹ́ni tó fìdí rẹmi rárá ni. Ojú gbà mí tì, bíi kí ilẹ̀ lanu kó gbé mi mì. Ọ̀gá mi ò tilẹ̀ bú mi. Ó kàn sún àga mọ́ mi, a jọ tún un ṣe. Ì bá sàn kó bú mi. Ṣùgbọ́n ẹyin lohùn, ó ti bọ́ ná.

Wọ́n máa fi àtúnṣe ránṣẹ́ sí gbogbo wọn lọ́jọ́ Ẹtì. Èmi á ti dé lọ́jọ́bọ̀. Jọ̀ọ́, má tíì sọ fún un. N kò fẹ́ kó kà á lórí fóònù. Jẹ́ kí n jókòó níwájú rẹ̀ kí n fẹnu ara mi sọ ọ́, kó lè rí ojú ẹni tí yóò bínú sí.

Bá mi kí bàbá àwọn ọmọ, bá mi kí gbogbo ilé. Ọmọ náà nìkan ni kí o má tíì bá mi kí.

                                        Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ tí ojú ń tì,
                                        Ìyá Ìbejì.