Dígí Méjì tí Jọmílójú So Mọ́ Màṣíìnì Mi

                                        Ojúlé Kẹrìnlá,
                                        Àdúgbò Òkè Baálẹ̀,
                                        Òṣogbo.
                                        Ọjọ́ kẹtàdínlógún, Oṣù Kẹsàn-án, 1996.

Amos, ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n,

O kú òjò o, o kú iṣẹ́ oko, o sì kú àmójútó ilé. Mo kí Phebe ìyàwó rẹ. Ṣé orúnkún tí ó ń dùn ún nígbà tí mo wá kẹ́yìn ti fúyẹ́? Ṣé kòkó ti ń pọ́n lórí igi? Ìjì tí ó ṣí páánù ilé ìdáná yín, ṣé ẹ ti rí káfíńtà tí yóò kàn án padà? Mo gbàdúrà pé kí lẹ́tà yìí bá gbogbo yín ní àlàáfíà. Cecilia ìyàwó mi ní kí n kí yín. Ara tirẹ̀ le. Ara tèmi ni mi ò fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀, òun náà sì ni mo tìtorí rẹ̀ kọ̀wé.

Ẹ̀ẹ̀kẹta nìyí tí mo máa bẹ̀rẹ̀ lẹ́tà yìí. Méjì àkọ́kọ́ ti di ohun tí Cecilia fi dáná. Ẹ̀rù ń bà mí pé àwọn awakọ̀ tí ń ná ọjà Ọ̀tan-Ilé á ti gbé ìròyìn dé etí rẹ kí ìwé mi tó dé, pé wọ́n ti gba irinṣẹ́ lọ́wọ́ Jọmílójú ọmọ rẹ ní Òṣogbo, pé ó jí ẹ̀yà ẹ̀rọ oníbàárà. Bí o bá ti gbọ́, jọ̀wọ́ jókòó. Ọmọ rẹ kò jalè. Èmi Micah ni mo pè é lólè. Èmi náà ni mo wá mọ̀ pé kò rí bẹ́ẹ̀, tí mo sì dákẹ́.

O mọ bí mo ṣe fẹ́ràn màṣíìnì tó. Láti ìgbà tí ìjọba ti fún mi ní èyí àkọ́kọ́, nígbà tí mo ń ṣe wolé-wolé ní Iléṣà, kò sí ohun tí ń dùn mọ́ mi bíi kí n gùn ún. Ìwọ fúnra rẹ a máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé mi ò lè bá ìdọ̀tí kankan ní Ọ̀tan-Ilé láéláé, nítorí àwọn obìnrin yín ti ń gbọ́ ìró màṣíìnì mi láti ọ̀nà jíjìn. Kí n tó dé, gbogbo agbo ilé á ti gbálẹ̀, wọ́n á ti fi ọmọrí dé ìkòkò omi. Èmi náà a máa gbọ́ ọ. Bí ẹ̀rọ náà bá ń ṣàárẹ̀, mo máa ń mọ̀ nínú ohùn rẹ̀ bí ìyá ṣe ń mọ igbe ọmọ rẹ̀. Mo sì máa ń fi í yangàn.

Ní oṣù Kejì ọdún yìí, dókítà etí kan ní Iléṣà yẹ̀ mí wò. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni pé mo lọ. Ó kọ ọ́ sínú ìwé pé etí ọ̀tún mi ti lọ pátápátá, pé ti òsì kò ku ìdajì, kí n má ṣe gun màṣíìnì mọ́. Mo ká ìwé náà, mo tì í sínú àpótí kékeré tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìjókòó màṣíìnì, níbi tí Cecilia kì í fọwọ́ kàn. Ẹ̀rù bà mí, Amos. Mo ro gbogbo rẹ̀ tán lóru ọjọ́ kan ṣoṣo: pé wọn á gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ mi, pé àwọn ọmọ àdúgbò á máa pè mí ní Bàbá Adití, pé ọkọ̀ á pa mí, pé bí ọkọ̀ kò bá pa mí, ìjókòó ojú kan á pa mí. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo sọ fún ara mi pé dókítà náà kéré lọ́jọ́ orí, kò tíì mọ iṣẹ́. Bí ènìyàn bá fi nǹkan pamọ́ pẹ́, òun náà á fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé pé òun fi í pamọ́.

Láti ìgbà náà, bí ẹnikẹ́ni bá sọ̀rọ̀ tí mi ò gbọ́, mo máa ń rẹ́rìn-ín, mo máa ń ní, “Bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ ni.” Bí mo ṣe gbà láti jẹ́ alága ìkórè ní ṣọ́ọ̀ṣì Mẹ́tọ́díìsì wa nìyẹn láìmọ̀. Mo bá Cecilia jà nítorí rédíò, mo ní ó ra bátìrì tí kò dára.

Oṣù tó kọjá ni mo gbé màṣíìnì lọ sọ́dọ̀ Jọmílójú kí ó pààrọ̀ ọ́ìlì rẹ̀. O kò ní gbàgbé pé ìwọ ni o fà á lé mi lọ́wọ́ ní ọdún mẹ́jọ sẹ́yìn, tí o ní, “Micah, ọmọ rẹ nìyí.” Lọ́jọ́ tí ó gba òmìnira lọ́wọ́ ọ̀gá rẹ̀, èmi ni mo kó sípánà lé e lọ́wọ́ lójú gbogbo èrò, tí mo sì súre fún un. Ọ̀sẹ̀ tí mo gbé màṣíìnì lọ yìí ni òtútù dá mi dùbúlẹ̀. Nígbà tí ara mi yá, tí mo lọ gbé e, ohùn rẹ̀ ti lọ. Àfi bíi pé wọ́n da odó bo ẹ̀rọ náà. Mo yí ọwọ́ rẹ̀ títí, ohun tí mo ń gbọ́ kò ju kíkùn ẹ̀fọn lọ.

Ó tún ti so dígí ńlá méjì mọ́ ọn, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì, láìjẹ́ pé mo bẹ̀ ẹ́. Wọ́n yọ síta bí etí ewúrẹ́. Mo bi í pé kí ni ìwọ̀nyí, ó ní, “Bàbá, kí ẹ lè máa rí ẹ̀yìn ni.” Nínú ọkàn mi, mo ní ẹni tí ó bá fi ohun tí a kò béèrè kún nǹkan ẹni, ó ní ohun tí ó ti yọ kúrò níbẹ̀.

Nǹkan mìíràn ti ń bí mi nínú tẹ́lẹ̀. Láti bí ìgbà ọdún Àjíǹde, bí ó bá fẹ́ bá mi sọ̀rọ̀, á fi iṣẹ́ sílẹ̀, á yí wá síwájú mi, á fọwọ́ tọ́ mi lápá, á wò mí lójú kòrókòró kí ó tó lanu. Ọmọ tí mo tọ́! Mo rò pé ó ti ń fojú di mi.

Mo padà lọ bá a ní ṣọ́ọ̀bù, mo ní kí ó dá písítìn mi padà, pé ó ti fi ògbólógbòó kan sínú ẹ̀rọ dípò rẹ̀. Ó ní, “Bàbá, mi ò tú ẹ̀rọ yín rárá.” Ó fi ẹsẹ̀ tẹ màṣíìnì náà kí ó dún, ó ní kí n tẹ́tí sí i. Kíkùn ẹ̀fọn yẹn náà ni mo gbọ́. Ni mo bá lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ bí àwọn òṣómàáló tí ń gba gbèsè láyé àtijọ́ ní ilẹ̀ wa, mo ní mi ò ní dìde títí písítìn mi yóò fi jáde. Làbákẹ́ tí ń ránṣọ ní ṣọ́ọ̀bù kejì wá dúró níwájú mi, ó ní, “Bàbá, ẹ dìde, ilẹ̀ tutù.” Mo ní lọ́jọ́ tí wọ́n bá jí ẹ̀rọ ìránṣọ tirẹ̀, yóò mọ̀ bóyá ilẹ̀ tutù. Olè. Mo pe ọmọ rẹ bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta lójú àwọn oníbàárà rẹ̀, pẹ̀lú ohùn tí mi ò mọ bí ó ti ga tó.

Ẹgbẹ́ mẹkáníìkì àdúgbò wa kì í fi irú ọ̀rọ̀ báyìí ṣeré. Ẹni tí wọ́n bá fẹ̀sùn ẹ̀yà ẹ̀rọ kàn kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan iṣẹ́ títí ọ̀rọ̀ yóò fi yanjú. Wọ́n kó àpótí sípánà Jọmílójú lọ sílé alága wọn, Alhaji Sànúsí. Sípánà tí mo fi súre fún un ni, Amos. Ọjọ́bọ̀ tó kọjá ni wọ́n pè wá sípàdé. Mo jókòó síwájú pátápátá, kí n lè máa wo ẹnu wọn. Alága bi ọmọ rẹ pé kí ni ó ní í sọ. Ó dọ̀bálẹ̀, ó ní, “Kò sí nǹkan kan tó ṣe ẹ̀rọ Bàbá. Mi ò ní ọ̀rọ̀ mìíràn.” Ọ̀kan nínú wọn tí ó kọjú sí mi pariwo sí ọmọ rẹ pé, “Ṣé wọ́n jí ẹnu tìẹ náà ni?” Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Alága wá ní kí n mú ìwé màṣíìnì wá, kí wọ́n fi wé nọ́ńbà tó wà lára ẹ̀rọ.

Inú àpótí ẹ̀gbẹ́ ìjókòó ni ìwé náà wà. Mo ṣí i. Ìwé dókítà ló wà lókè, ṣùgbọ́n kì í ṣe bí mo ṣe fi í sí. Ẹnì kan ti fi ọ̀rá wé e kí epo má bàa bà á jẹ́, ó sì ti fi rọ́bà tí a gé lára tíúbù táyà dì í. Pọ́lọ́ọ̀gì ni o, ìwé ni o, bí ọmọ rẹ ṣe máa ń di ohun oníbàárà nìyẹn.

Ó ti mọ̀. Láti ìgbà ọdún Àjíǹde, bóyá nígbà tí ó ń wá sípánà pọ́lọ́ọ̀gì nínú àpótí náà, ó ti ka ìwé yẹn. Ìdí nìyẹn tí ó fi ń yí wá síwájú mi. Ìdí nìyẹn tí ó fi so dígí, kí ẹni tí kò gbọ́ fèrè ọkọ̀ lè máa rí ọkọ̀. Gbólóhùn kan péré ni ìbá sọ níwájú ẹgbẹ́, “Bàbá kò gbọ́ràn mọ́,” wọn ì bá dá sípánà rẹ̀ padà fún un lójú ẹsẹ̀. Kò sọ ọ́. Ìwọ àti Phebe lẹ kọ́ ọ pé ọmọ kì í tú àgbà síhòòhò lójú ọjà.

Kí wá ni àgbà ṣe? Mo yọ ìwé màṣíìnì nìkan. Mo ti èyí tó kù padà, mo pa àpótí dé. Nọ́ńbà bá ìwé mu. Mo ní nọ́ńbà kò kan písítìn. Alága ní kí a padà wá ní Ọjọ́bọ̀ tí ń bọ̀, kí wọ́n tú ẹ̀rọ náà lójú gbogbo wa. Mo gun màṣíìnì mi lọ sílé. Ọmọ rẹ ń fẹsẹ̀ rìn bọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, kò gbé nǹkan kan lọ́wọ́. Mo rí i nínú dígí.

Wọ́n ní bí a bá sọ̀kò sọ́jà, ará ilé ẹni ní í bá. Èmi kò sọ tèmi sọ́jà, mo fojú sun ọmọ ilé ni. Bí mo bá sọ òtítọ́, màṣíìnì lọ, iyì mi lọ. Bí mo bá dákẹ́, iṣẹ́ ọmọ rẹ lọ. Ó yẹ kí ó rọrùn fún irú mi láti mú ọ̀kan, kò sì rọrùn. Ìyẹn ló ń tì mí lójú jù. Jẹ́ kí n fi bírò sílẹ̀ ná.

Ọjọ́bọ̀, ìrọ̀lẹ́. Mo ti lọ sípàdé láàárọ̀, mo sì ti dé.

Kí wọ́n tó fi sípánà kan ẹ̀rọ ni mo fi ìwé dókítà lé Alhaji Sànúsí lọ́wọ́, mo ní kí ó kà á sókè. Ó kọ́kọ́ kà á sínú, ó wò mí, ó fẹ́ ká a padà. Ó ní, “Bàbá, èyí tó. Ó ti yé wa.” Mo ní rárá o, gbogbo wọn ló gbọ́ nígbà tí mo ń pariwo olè, kí gbogbo wọn gbọ́ èyí náà. Ó kà á. Mi ò gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n mò ń wo ojú wọn, mo sì mọ ìgbà tí ó dé ibi tó kàn mí. Lẹ́yìn náà ni mo jẹ́wọ́ fún wọn pé Ọjọ́bọ̀ tó kọjá ni ó ti yẹ kí wọ́n rí i.

Mo fẹ́ kúnlẹ̀ fún ọmọ rẹ. Orúnkún mi kò tíì kan ilẹ̀ tí ó ti gbá mi mú lápá méjèèjì, “Bàbá! Ẹ má fi ìkúnlẹ̀ gégùn-ún fún mi o!” Làbákẹ́ tí ó wá wòran ní, “Ẹ dìde o, Bàbá. Písítìn yín ti jáde.” Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín títí, mo sì fara mọ́ ọn. Ó tọ́ sí mi.

Wọ́n dá àpótí sípánà rẹ̀ padà. Ṣùgbọ́n orúkọ kì í ṣe táyà tí à ń lẹ̀ lọ́jọ́ kan. Oníbàárà mẹ́ta ti gbé màṣíìnì wọn lọ síbòmíràn. Mo ti fẹsẹ̀ rìn lọ bá wọn nílé. Méjì ní àwọn á padà wá. Ẹnì kẹta kò ṣílẹ̀kùn fún mi, tàbí kí ó ti dáhùn tí mi ò gbọ́. Mo máa tún lọ.

Mo fún Jọmílójú ní kọ́kọ́rọ́ màṣíìnì. Ó ní òun á bá mi tọ́jú rẹ̀ ni, pé ti Bàbá ni. Òun ló fi í gbé mi délé lẹ́yìn ìpàdé. Ó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún tí mo ti jókòó sẹ́yìn ẹlòmíràn gbẹ̀yìn. Mo fi àtẹ́lẹwọ́ kan ara ẹ̀rọ lábẹ́ ìjókòó, ó ń gbọ̀n dáadáa, kò sí ohun tó ṣe é; ìyókù etí mi ni òtútù ọ̀sẹ̀ yẹn gbé lọ. Ní kọ́nà, mo rí ẹnu ọmọ rẹ nínú dígí. Ó ń sọ ọ́ díẹ̀díẹ̀ kí n lè rí i: “Bàbá, ẹ dì mí mú.”

Cecilia ní òun ti mọ̀ láti ọjọ́ tí mo ti rẹ́rìn-ín gba alága ìkórè, pé kò sí ẹni tí orí rẹ̀ pé tí í ṣe bẹ́ẹ̀. Bá mi kí Phebe. Sọ fún un pé mo mọ̀ pé ìròyìn yìí á mú un sunkún. Kí àwọn ọmọ ilé àti gbogbo ará ìjọ yín.

Amos, mo mọ̀ pé o máa wá, mo sì mọ̀ pé inú ń bí ọ. Wá. Ṣùgbọ́n bí o bá dé, má dúró lẹ́yìn mi kí o máa pè mí. Wọ́n ní ojú lọ̀rọ̀ wà. Kì í ṣe òwe lásán fún mi mọ́. Yí wá síwájú mi, kí o fọwọ́ tọ́ mi lápá bí ọmọ rẹ ti ń ṣe, kí o wá sọ gbogbo ohun tí o fẹ́ sọ sí mi. Mi ò ní rẹ́rìn-ín, mi ò sì ní ṣe bí ẹni tó gbọ́. Ẹnu rẹ ni màá máa wò.

                                        Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ tí ojú ń tì,
                                        Micah Fámúrewá.