Àga Mẹ́ta Níwájú Ṣọ́ọ̀bù

Ọ̀rányàn, Ìbàdàn,
Ọjọ́ Sátidé, lẹ́yìn mítìn-ìn.

Ifábùnmi ọ̀rẹ́ mi,

"Òbí tó bá mọ̀ pé agbára òun ò gbé e, kó sọ ọ́ báyìí, kó má dìgbà tí a bá gbé àga síta!"

Ohun tí Bàbá Àkíbù, alága ẹgbẹ́ aránṣọ, ṣẹ̀ṣẹ̀ pariwo nìyẹn, ohùn rẹ̀ ṣì wà létí mi. Má bínú pé mo fi ariwo ṣíwájú ìkíni. Ṣé àlàáfíà lo wà? Ṣé Ìṣẹ́yìn ti mọ́ ẹ lára? Àǹtí ẹ ńkọ́? Mo gbàdúrà kí lẹ́tà yìí bá ẹ nínú ìlera. Ní tèmi, ara mi le, inú mi ni kò dùn.

Ẹgbẹ́ ti yí padà látìgbà tí o ti fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọ̀gá kì í wá sí mítìn-ìn mọ́. Epo jẹnẹrétọ̀ wọ́n, aṣọ àtijọ́ ni àwọn oníbàárà ń gbé wá pé ká tú u ká tún un rán, owó ẹgbẹ́ ò sì wọlé. Ìrẹsì tí wọ́n máa ń pín lẹ́yìn mítìn-ìn ti di gúgúrú, gúgúrú náà ti di omi inú ọ̀rá. Lónìí, ọ̀gá kan ní, "Alága, tó bá di oṣù tó ń bọ̀, ṣé ẹ máa ní ká gbé omi wá látilé ni?" Bàbá Àkíbù ní, "Ẹ mú ife yín dání pẹ̀lú, ẹlẹ́nu mímú!" Gbogbo wa rẹ́rìn-ín.

Kì í ṣe pé wọn ò gbìyànjú o. Ọ̀gá wa, Ìyá Jubril, ti gba aránṣọ méjì láti Bẹẹrẹ sínú ṣọ́ọ̀bù, jẹnẹrétọ̀ kan ni wọ́n jọ ń lò. Wọ́n ń jà sí áyọ́ọ̀nù láràárọ̀, ṣùgbọ́n kò tíì sí èyí tó kógbá wọlé nínú wọn.

Ọ̀rọ̀ fúrídọ̀ọ̀mù tí a fi ń parí ẹ̀kọ́ṣẹ́ ló dùn mí. O mọ̀ bó ṣe máa ń rí: àga kan níwájú ṣọ́ọ̀bù, ìwọ nìkan lórí ẹ̀, àlùmọ́gàjí lọ́wọ́ ẹ, gbogbo àdúgbò ń wò ẹ́. Látìgbà tí mo ti kúrò nílé ìwé ni mo ti ń ronú àga yẹn. Wọ́n wá ní èmi, Ayọ̀mídé tí a jọ ń kọ́ṣẹ́, àti ọmọbìnrin kan láti Bẹyẹrúnká la jọ máa ṣe é lọ́jọ́ kan náà. Àga mẹ́ta! Mo fajú ro títí. Èyí tó wá le jù ni pé ẹgbẹ́, tó máa ń gbé ìdajì oúnjẹ tẹ́lẹ̀, ní àwọn ò lè gbé e mọ́, àwọn òbí ló máa gbé gbogbo ẹ̀. Bẹ́ẹ̀, aránṣọ tí kò bá gba fúrídọ̀ọ̀mù, tó bá ṣí ṣọ́ọ̀bù, ẹgbẹ́ á wá tì í pa.

Wọ́n ti pe àwọn òbí wa wá. Ibẹ̀ ni alága ti pariwo. Màámi ló kọ́kọ́ dìde, ó tún gèlè ṣe, ó ní, "Ti Àjọkẹ́ ti délẹ̀, alága. Ẹ fọkàn yín balẹ̀." Mo wo ẹnu ẹ̀. Kò sí ohun tó délẹ̀ nílé wa.

Nígbà tí mo délé, mo bá Obed, tó máa ń tún ẹ̀rọ ṣe, níbi tó ti bẹ̀rẹ̀ mọ́ ẹ̀rọ ìlọta Màámi. Mo rò pé ó bà jẹ́ ni. Ó ní, "Ìyá, ẹ̀rọ yìí ṣì dáa gan-an. Ṣé ó dá yín lójú pé ẹ fẹ́ tà á?" Màámi ní, "Sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́. Jẹ́ kó yege ìdánwò ẹ̀ ná, kí o wá gbé e."

Ẹ̀rọ yẹn la fi ń jẹun, Ifábùnmi. Mo bẹ Màámi pé ká sún un síwájú. Ojú ẹ̀ le. "Kí wọ́n wá máa sọ kiri Ọjà'ba pé Kúlúsúmù ò lè ṣe tọmọ ẹ̀? Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́! Lọ rán aṣọ ìdánwò ẹ."

Lọ́jọ́ ìdánwò tí ẹgbẹ́ máa ń ṣe kí fúrídọ̀ọ̀mù tó dé, ẹnì kan máa wọ bùláòsì tí a bá rán, alága á ní kó na ọwọ́ síwájú, kó nà á sókè. Ẹni tó bá féèlì, ó di ọdún tó ń bọ̀, wọn ò ní gba nǹkan kan lọ́wọ́ òbí ẹ̀. Ìyá Jubril ní ẹni tó bá rí àléébù lára apá aṣọ tí Àjọkẹ́ rán, kó wá gba ṣọ́ọ̀bù òun. Orí mi wú.

Kí Ọlọ́run fi èrè sí iṣẹ́ tuntun tí ò ń ṣe, kó jẹ́ ká tún jọ jókòó ká rẹ́rìn-ín. Bá mi kí àǹtí ẹ.

Èmi ni ọ̀rẹ́ ẹ tí a jọ ń jókòó sórí bẹ́ǹṣì kan,
Àjọkẹ́.

Àfikún: Mo máa ya ibí yìí kúrò kí n tó ṣẹ́ lẹ́tà náà po. Mo ti gé aṣọ ìdánwò. Apá ọ̀tún ni mo máa rán mọ́ òsì, tòsì mọ́ ọ̀tún. Ẹni tó bá wọ̀ ọ́ ò ní lè na ọwọ́ dáadáa. Ìyá Jubril máa wolẹ̀ fún ìtìjú. Màámi máa pè mí ní olódo. Kó pè mí bẹ́ẹ̀. Èmi ni wọ́n máa fi ṣe yẹ̀yẹ́ ní Ọjà'ba, kì í ṣe òun. Mi ò ní sọ fún ẹnikẹ́ni, títí kan ìwọ. Ẹ̀rọ ń dún níta báyìí. Màámi ń lọ ata fún ẹnì kan.