Ẹnu Ọ̀nà Àjáde Ni Mo Gbà Wọlé

Ọmọ mi àtàtà, agbábọ́ọ̀lù tí owó àtirí i ju owó àtibí i lọ,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Ṣé ẹsẹ̀ méjèèjì ṣì wà lábẹ́ rẹ bí mo ṣe kó wọn fún ọ? Mo ń kí ọ, bàbá rẹ ń kí ọ, orúnkún bàbá rẹ náà ń kí ọ, nítorí láti ìgbà tí òtútù ti dé, orúnkún yẹn ló ń kọ́kọ́ jí nínú ilé yìí, òun ló sì ń jí àwa yòókù. Ọlọ́run tó dá ẹsẹ̀ kò ní jẹ́ kí tìrẹ rọ. Ilẹ̀ tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ bá ti ń yọ̀ ṣubú, wàá dúró lórí rẹ̀ digbí. Ṣe àmín kí o tó ka ìyókù, mo mọ̀ pé o máa ń fo ibi àdúrà.

Nílé ńkọ́, a wà. Ewúrẹ́ aládùúgbò wa wọ yàrá ìránṣọ mi, ó jẹ bébà tí mo fi ń gé ọrùn aṣọ, bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe rán ẹ̀wù ọ̀gá ilé ìwé láìní kọ́là, ó wọ̀ ọ́ jáde, ó sì ń sọ fún àwọn ènìyàn pé oge tuntun ni. Bàbá rẹ fi pákó dí ibi tí òjò ń gbà wọlé, òjò dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì gba ibòmíràn. Máṣínì mi ṣì wà lẹ́bàá fèrèsé, ó ń hanrun bí ìyá àgbà, ṣùgbọ́n ó ń ṣiṣẹ́.

Mo gba lẹ́tà rẹ. Mo ti kọ̀wé sí ọ pé mo fẹ́ wá fojú ara mi rí ọ lórí pápá, o sì dá mi lóhùn bí ọmọ gidi. O ní tíkẹ́ẹ̀tì wọ́n. O ní oòrùn ń mú níbẹ̀. O ní èrò máa ń pọ̀, wọ́n lè tì mí. O tún ní àga ibẹ̀ le, kò yẹ àgbàlagbà. Háà, mo dúpẹ́ o. Èmi tí mo ti ń jókòó lórí àpótí tí kò lẹ́yìn láti ìgbà tí wọn kò tíì bí ọ, ìgbà yìí ni mo wá ní ọmọ tó ń rò ti ìdí mi. Ọlọ́run yóò fún ìwọ náà ní ọmọ tó mọ̀ọ́ rò bẹ́ẹ̀.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ń dùn mí, n kò ní purọ́. Èmi ni mo fi ìrépé aṣọ wé bọ́ọ̀lù àkọ́kọ́ tí o gbá nínú ayé rẹ, tí o fi fọ́ gíláàsì fèrèsé, tí a kò tíì rí òmíràn fi sí i títí dòní. Àwọn ẹni ẹlẹ́ni ń rí ọ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, èmi kò tíì rí ọ rí. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í wo bàtà rọ́bà tó wà lẹ́sẹ̀ mi, mo ní bóyá òun ni ọmọ yìí kò fẹ́ kí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ rí.

O ní kí n máa wò ọ́ lórí tẹlifíṣọ̀n, mo sì gbọ́ràn. Mo lọ sí ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀, mo jókòó sáàárín àwọn tó ń gẹrun. Ọmọ mi, ẹ kéré púpọ̀ níbẹ̀, ṣé ẹ ń jẹun? Mo wá ọ títí, onígbàjámọ̀ wá ní bẹ́ǹṣì ni o wà. Mo ní kí ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀, ó ní wọ́n ń jókòó ni. Inú mi dùn dé àtẹ́lẹsẹ̀. Àwọn yòókù ń sá kiri nínú oòrùn bí adìyẹ tó ń wá ibi tí yóò yé sí, ọmọ tèmi jókòó lábẹ́ ibòji, ó gbé omi dání. Àwọn ènìyàn ń sanwó kí wọ́n tó jókòó níbẹ̀ yẹn, wọ́n ń sanwó fún ọmọ mi kí ó lè jókòó. Mo dìde, mo kí gbogbo àwọn tó ń gẹrun kú oríire.

Níwọ̀n bí ó ti rí bẹ́ẹ̀, mo ní mo gbọ́dọ̀ dé ibẹ̀. Mo lọ bá atúnfóònùṣe tó wà ní oríta kí ó bá mi ra tíkẹ́ẹ̀tì tó rọjú jù. Ó ṣí fóònù, fóònù náà sì ní kí n kọ́kọ́ jẹ́rìí pé n kì í ṣe rọ́bọ́ọ̀tì. Mo bi í pé kí ni ìyẹn, ó ní ẹ̀rọ tó ń ṣe bí ènìyàn ni. Mo ní kí ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé abiyamọ ni mí, bí wọ́n bá ń ṣiyèméjì kí wọ́n bi agbẹ̀bí. Kò kọ ọ́. Fóònù wá kó àwòrán jáde, ó ní kí n fọwọ́ kan gbogbo ibi tí kẹ̀kẹ́ bá wà. Èyí yé mi: wọ́n ń dán ojú mi wò ni, nítorí kò dára kí wọ́n gbowó lọ́wọ́ ẹni tí kò ní rí bọ́ọ̀lù. Mo fọwọ́ kan gbogbo kẹ̀kẹ́, mo tún fi ọkùnrin kan tó dúró bí ẹni tó ń bọ̀ wá gun kẹ̀kẹ́ kún un.

Lẹ́yìn tí mo yege tán ni wọ́n sọ iye owó, wọ́n sì fi nǹkan kan lé e tí wọ́n pè ní owó iṣẹ́. Mo ní iṣẹ́ wo? Èmi ni mo tẹ fóònù, èmi ni mo wá kẹ̀kẹ́, ọmọ mi ni yóò sáré, èmi ni n óò pariwo. Ta ló wá ṣiṣẹ́ nínú wọn? Atúnfóònùṣe ní ọ̀nà tó dínwó wà, pé kí n ra tíkẹ́ẹ̀tì sáà, èyí tí ènìyàn ń san lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Mo ní sáà òjò ni àbí ti ẹ̀ẹ̀rùn? Nígbà tó dárúkọ owó ọ̀hún, mo rí i pé sáà ìyà ni.

Ó wá rẹ ohùn sílẹ̀, ó ní ṣebí wọ́n máa ń fún ẹ̀yin agbábọ́ọ̀lù ní tíkẹ́ẹ̀tì ọ̀fẹ́ méjì fún mọ̀lẹ́bí yín. Mo ní irọ́ gbuu. Mo ní ọmọ mi tó ń rò ti ìdí mi, tó ń rò ti oòrùn tó ń pa mí, ṣé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ lè wà kí ó gbàgbé láti sọ fún mi? Mo ní kí ó máa bá fóònù rẹ̀ lọ.

Alátiṣe ní ń mọ àtiṣe ara rẹ̀. Onílọ́rì tó ń kó pákó láti ibi iṣẹ́ bàbá rẹ lọ sí ìlú ńlá, tapólì tó fi ń bo ẹrù rẹ̀ ti ya láti orí dé ìdí. Mo bá a rán an, ó sì gbé mi lọ, ó gbé mi bọ̀, n kò san nǹkan kan. Orí pákó ni mo jókòó sí. Ó le, ṣùgbọ́n mo ronú pé àga yín ni mo ń fi kọ́ra.

Mo ti sọ ọ́ fún ọ nìyẹn: mo ti wá. Má sọ lẹ́tà sílẹ̀, máa kà á lọ.

Pápá yín ga o. Mo bi ọkùnrin tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà pé èwo ló rọjú jù nínú gbogbo tíkẹ́ẹ̀tì wọn, ó ní èyí tó rọjú jù ni kí n padà sílé. Obìnrin kan tó ń gbálẹ̀ níbẹ̀ ló fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Ó ní bí eré bá kù díẹ̀ kó parí, wọ́n á ṣí ọ̀nà àjáde fún àwọn tí kò fẹ́ kí èrò há wọn mọ́, láti ìgbà náà lọ, ẹnikẹ́ni kò ní bi ẹnikẹ́ni ní tíkẹ́ẹ̀tì mọ́. Ó dojú korobá ọ̀dà kan dé fún mi, mo jókòó lé e. Mo ń gbọ́ ariwo nínú. Wọ́n á hó, màá ní ọmọ mi ni. Wọ́n á kérora, màá ní ọmọ ẹlòmíràn ni.

Nígbà tí ilẹ̀kùn ṣí, àwọn ènìyàn ń bọ̀ níta, èmi ń wọlé. Aṣọ́nà ní, màmá, ẹ ń gba ọ̀nà òdì o. Mo ní mo mọ̀.

Bí mo ṣe wọlé ni mo rí ọ. O ti bọ́ aṣọ òtútù, o ń fò sókè sódò létí ìlà bí ẹni tí ìtọ̀ ń gbọ̀n, mo fẹ́ẹ̀ bá ọ bẹ ọ̀gá yín kí ó jẹ́ kí o lọ tọ̀. Ẹnìkan wá gbé pátákó kan tó ń tàn sókè, nọ́ńbà ẹ̀yìn aṣọ rẹ sì wà níbẹ̀: mẹ́tàlélógún. Ojú tì mí. Ẹ̀yin mọ́kànlá péré, báwo lo ṣe rìn ín tí o fi gba ipò kẹtàlélógún? Kò sì tó wọn kí wọ́n kọ ọ́ sí ọ lẹ́yìn, àfi kí wọ́n tún gbé èsì rẹ sókè fún gbogbo ayé.

Ọkùnrin kan tó dé fìlà ẹgbẹ́ yín wà nítòsí mi, ó ní òun ti ń wo ìyà láti ìbẹ̀rẹ̀, kí wọ́n tó wá mú aláìwúlò yìí wọlé. Mo fi ẹ̀rín bi í ní iye tó san. Ó sọ ọ́. Mo ní ẹ kú ìnáwó, sà. Mo ní ìba ìgbà tí ẹ ó fi wo ọmọ mi náà ni èmi ó fi wò ó, n kò sì san nǹkan kan, nínú àwa méjèèjì, ta ni kò wúlò? Ó gbé fìlà rẹ̀, ó bá ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀.

Mo wá jókòó sí àga rẹ̀. Kò le rárá.

O sáré, ọmọ mi. Ó ti rẹ gbogbo wọn, ìwọ nìkan lo ń sáré bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tú sílẹ̀. Wọ́n gbá bọ́ọ̀lù sí ọ, o fún ẹlòmíràn, mo ní ọmọ tí a kọ́ nìyẹn. Wọ́n tún gbá a sí ọ, ẹnìkan já a gbà mọ́ ọ lẹ́sẹ̀, mo ní ìyá tirẹ̀ kò kọ́ ọ. Nígbà tí o ṣubú, mo ní pẹ̀lẹ́, mo sọ ọ́ sókè débi pé gbogbo ìlà iwájú mi yíjú padà. Ìwọ nìkan ni kò gbọ́.

Nígbà tí wọ́n fun fèrè ìparí, o ń lọ, o sorí kọ́, o fi aṣọ bojú. Mo ti la ẹnu láti pè ọ́. Mo wá pa á dé. Adìyẹ ń làágùn, ìyẹ́ ni kò jẹ́ ká mọ̀. Ibẹ̀ ló ti yé mi pé kì í ṣe bàtà mi ló ń tì ọ́ lójú, ìjókòó tìrẹ ni. Inú mi dùn, ó sì bàjẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, n kò mọ èyí tí mo kọ́kọ́ sunkún sí. Onílọ́rì ti ń fun fèrè tirẹ̀ níta, mo bá lọ.

Nígbà tí mo délé tí mo ròyìn, bàbá rẹ rẹ́rìn-ín títí orúnkún fi gbàgbé láti dùn ún. Ó ní nọ́ńbà ẹ̀yìn aṣọ kì í ṣe ipò, ó ní bẹ́ǹṣì kì í ṣe àga ọlá, ibi tí wọ́n ń fi ẹni tí wọn kò tíì nílò sí ni. Mo ní kí ó lọ jókòó. Iṣẹ́ aṣọ ni mò ń ṣe, mo mọ aṣọ tí ènìyàn ń wọ̀ lójoojúmọ́, mo sì mọ èyí tó ń wà nísàlẹ̀ àpótí.

Ní ti owó, má fi owó tíkẹ́ẹ̀tì ránṣẹ́, ọ̀nà àjáde kì í gbowó. Owó ọkọ̀ ni kí o fi ránṣẹ́, nítorí tapólì onílọ́rì kò ya mọ́, àfi bí n bá fọwọ́ ara mi ya á. Fi owó ìpara orúnkún bàbá rẹ kún un, àti ti gíláàsì fèrèsé tí o fọ́. Tíkẹ́ẹ̀tì ọ̀fẹ́ méjì yẹn, tí kò sí, máa fún ẹni tí o ń fún.

Ọlọ́run yóò gbé ọ ga. Mo ti ń gbàdúrà pé kí ọ̀gá yín má fi ọ́ wọlé kí wọ́n tó ṣílẹ̀kùn fún mi, bàbá rẹ ní ìyá kì í ṣépè fún ọmọ, mo bá tú u, mo tún un rán: kí ó fi ọ́ sáré láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, n óò máa gbọ́ ọ láti orí korobá mi. Bí kò bá sì fi ọ́ wọlé rárá, n óò wá wo bí o ṣe jókòó. Ṣùgbọ́n má wá mi láàárín àwọn tó sanwó. Ọ̀nà àjáde ni kí o máa wò, bí o bá rí obìnrin kan tó ń wọlé nígbà tí gbogbo ènìyàn ń jáde, ìyá rẹ ni.