Òru Tí Mi Ò Wòkè

Ajé, 8 Oṣù Kọkànlá, 1999

Rédíò ti sọ ọ́. Òru Ọjọ́rú ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, kí ilẹ̀ Ọjọ́bọ̀ tó mọ́, ìràwọ̀ yóò máa já lọ́pọ̀lọpọ̀. Àṣìṣe mi ni pé mo sọ ọ́ ní kíláàsì. Kí n tó pa ẹnu dé, Motọ́lání, olórí kíláàsì, ti dìde: ṣé a lè jọ wò ó ní pápá ilé ẹ̀kọ́? Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Mo ṣàlàyé pé kì í ṣe ìràwọ̀ gidi, eruku àti òkúta wẹ́wẹ́ ló ń jóná lókè. Àlàyé yẹn dùn létí. Mo gbé ṣọ́ọ̀kì kalẹ̀ kí wọ́n tó bi mí ní ìbéèrè mìíràn.

Ìṣẹ́gun, 9

Pírínsípà ti kéde rẹ̀ níwájú gbogbo ilé ẹ̀kọ́. Ẹyin lọ̀rọ̀; ó ti bọ́.

Ọjọ́bọ̀, 11

Ìyá ìyàwó mi gbé púpurú, oúnjẹ ẹ̀gẹ́ tiwọn, wá láti Iyansan. (Ìjọba Ológun ni mò ń pè é nínú ìwé yìí. Alágbádá ti gbàjọba l'Ábùjá, ti ilé wa kò tíì gbé e sílẹ̀.) Ó ti gbọ́ nípa ìràwọ̀. Ó ní ìràwọ̀ tó bá já, èèyàn ló lọ; iye tí àwọn ọmọ yẹn bá kà, òkú ni wọ́n ń kà. Ó wá bọ́ sí èdè Ìkálẹ̀, bó ti máa ń ṣe bí inú bá ń bí i. Ọmọ Ìrágbìjí ni mí, ìdajì ni mo gbọ́. Ìdajì náà tó mi.

Agatha, ìyàwó mi, rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n mo rí i tó fi píìnì kejì há ìró rẹ̀ — oyún náà ti wọ oṣù kẹsàn-án.

Àìkú, 14

N óò kọ ọ́ síbí, torí kò síbòmíràn.

Ọmọ méjì ti kú mọ́ wa lọ́wọ́. Àkọ́kọ́, 1996, ọjọ́ karùn-ún. Mo jáde sẹ́yìnkùlé lóru, ìràwọ̀ kan já sápá Ode-Irele. Mo wọlé, ọmọ ti tutù. Ìkejì, ọdún tó kọjá, ọjọ́ kẹfà. Ojú fèrèsé ni mo dúró sí. Ìràwọ̀ já. Kí n tó yíjú padà, Agatha ti figbe ta. Kò séyìí tó dé ọjọ́ kẹjọ nínú wọn. A ò sọ wọ́n lórúkọ.

Mi ò sọ fún Agatha rí. Mo kàwé, mo mọ̀ pé eruku ni. Eruku wo ló mọ̀nà ilé mi?

Lónìí Wòlíì ìjọ Agatha àti ìyá rẹ̀ ní kí ó wá máa sùn ní ilé àgbẹ̀bí ìjọ títí yóò fi bímọ. Kíá ni mo gbà. Ó yà á lẹ́nu — èmi tí mo máa ń bá wọn jiyàn.

Ìṣẹ́gun, 16

Agatha ti lọ. Mo bẹ ìyá àgbẹ̀bí pé kí ó ti gbogbo fèrèsé lálẹ́ ọ̀la. 

Ọjọ́rú, 17

Aago mẹ́wàá alẹ́, pápá ilé ẹ̀kọ́. Ẹní, àtùpà, ọmọ ọgbọ̀n. Ojú ọ̀run mọ́ kedere, ọyẹ́ kò tíì dé. Mò ń gbàdúrà kí òjò rọ̀. Ẹ̀rù ń bà mí.

Ọjọ́bọ̀, 18

Wọ́n já. Àwọn ọmọ ń kà á sókè — méje, mọ́kànlá, mọ́kànlélógójì. Mo kọjú sí àtùpà, mò ń kọ iye tí wọ́n bá pè. Motọ́lání wá dúró tì mí.

"Sà, ẹ ò tíì wòkè rárá."

Mo ní ẹnìkan gbọ́dọ̀ kọ ọ́ sílẹ̀. Ó gba bírò lọ́wọ́ mi jẹ́ẹ́. Síbẹ̀, mi ò wòkè.

Aago márùn-ún, Ìjọba Ológun dé lórí ọ̀kadà. Agatha ti bí obìnrin. Ìta ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í rọbí, ó ní. Ó yọ́ jáde lọ wo ìràwọ̀.

 Mo jókòó sórí koríko.

Ajé, 22

Ọjọ́ karùn-ún. Ó ń mọyàn. Mi ò sùn.

Ìṣẹ́gun, 23

Ọjọ́ kẹfà. Ó wà.

Ọjọ́rú, 24

Mi ò lè pa àṣírí náà mọ́ra mọ́. Mo jẹ́wọ́ fún Agatha, tàkọ́kọ́ tìkejì. Mo bi í pé kí ló gbé e jáde lóru yẹn.

 Ó ní òun náà rí ìràwọ̀ wọ̀nyẹn, nígbà méjèèjì. Òun náà kò lè sọ fún mi, torí èmi lọ̀mọ̀wé.

"Mo lọ bá wọn ni, Tíṣà. Mo ní kí wọ́n já tán lójú mi, kó má ku ẹyọ kan fún ọmọ yìí."

A jọ sunkún. Ọmọ ń sùn láàárín wa.

Ọjọ́bọ̀, 25

Ọjọ́ kẹjọ. Mofẹ́olúwa lorúkọ rẹ̀.

Nígbà tí àlejò lọ tán, mo gbé e jáde sẹ́yìnkùlé. Ẹ̀rù ṣì ń bà mí. Mo wòkè.