Ṣáàtì Tó Ti Bọ́hóòlù Eneka Pa

Ọjọ́bọ̀, oṣù Keje

Wọ́n ti ti bọ́hóòlù yẹn pa! Inú mi dùn débi pé mi ò lè jẹun.

Láti ìgbà tí ìgbẹ́ gbuuru ti ń gbé àwọn ọmọ àdúgbò Eneka wá sí kílíníìkì wa ni mo ti ń sọ pé omi bọ́hóòlù yẹn ló fà á. Dókítà á ní, "Sister Bùkọ́lá, ẹ̀rí dà?"

Láàárọ̀ yìí mo to àdírẹ́sì àwọn ọmọ tó ṣàìsàn sínú ṣíìtì orí íńtánẹ́ẹ̀tì, mo fi pífọ́ọ̀tì tébù, irinṣẹ́ inú ṣíìtì tó ń ka nǹkan jọ, kà wọ́n ní òpópónà-òpópónà, mo sì sọ ọ́ di ṣáàtì. Nínú ṣáàtì náà, òpó tó dúró fún òpópónà tí bọ́hóòlù wà ga fíofío. Àwọn yòókù ò ju kùkùté lọ.

Èmi àti Dókítà gbé e lọ bá alága àwọn onílé, ẹni tó ni bọ́hóòlù náà. Bàbá rẹ́rìn-ín: "Madam, na computer dey drink water?"

Mo na fóònù sí wọn. Bàbá rí òpópónà tiwọn. Ìyàwó wọn yọjú láti ẹ̀yìn: "Our grandpikin wey dey purge nko? E dey inside?"

Mo ní, "E dey, Mama."

Ẹ̀rín tán. Bàbá fúnra wọn mú àgádágodo, wọ́n ti ibẹ̀ pa, wọ́n ní ká yẹ omi náà wò ná.

Dókítà bọ̀ mí lọ́wọ́ níwájú wọn. Mi ò sọ pé "ṣebí mo wí." Mo kàn ń rẹ́rìn-ín nínú ọkọ̀ títí a fi padà dé kílíníìkì wa ní Rumuokoro.